Ìjórinpọ̀ àti Ìtòpọ̀ Egungun Ọkọ̀ Nílé: Àpẹẹrẹ Ọkọ̀ Àtòpọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáárà

Bí a bá sọ pé ẹnì kan ra ọkọ̀, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn olùgbọ́ ni odidi ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ẹni tí ó rà á lè jókòó sínú rẹ̀ kí ó sì wà á lọ sílé. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Inú páálí àti àpótí ni ẹni tí ó rà á ti ń kó o wálé, tàbí kí ó má tilẹ̀ ra ju ìwé àwòrán àti páìpù irin mélòó kan lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gé irin, tí yóò jó o pọ̀, tí yóò sì de ẹ́ńjìnnì àti táyà mọ́ ọn, títí òkìtì irin náà yóò fi di ohun tí ó ń rìn lójú títì. Ọkọ̀ àtòpọ̀ ni orúkọ tí a fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ṣáásì rẹ̀, èyí tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, ni a pè ní egungun ọkọ̀.

Kíkan ara ọkọ̀ lágbàlá kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn wẹ́dà ìlú Èkó fi kan ara mólúè lé orí ṣáásì ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Láti ilé-iṣẹ́ ni ṣáásì mólúè ti wá. Ara nìkan ni wẹ́dà kàn lé e. Bí ibi tí ó jó bá ṣí, páànù yóò máa mì, òjò yóò máa wọlé sára èrò, ọkọ̀ yóò sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń kan ọkọ̀ àtòpọ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Egungun gan-an ni ó ń jó. Oríkèé kọ̀ọ̀kan tí ó jó ni táyà, sítiárín àti bẹ́líìtì ìjókòó gbára lé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já lórí eré, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Orísun Àṣà Náà

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn ibi tí àṣà yìí ti rinlẹ̀ jù lọ, owó orí sì ni ó mú un gbilẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 1940 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gba owó orí kan lórí ọ̀pọ̀ ọjà tí a kà sí ọjà afẹ́. Lẹ́yìn ogun, ẹni tí ó bá ra odidi ọkọ̀ tuntun yóò san án, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra ẹ̀yà ọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó lọ tò wọ́n fúnra rẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè tí òfin fi sílẹ̀ yìí ni Colin Chapman, ẹnjiníà tí ó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, lò. Ní ọdún 1957 ni ó gbé ọkọ̀ kékeré oníjòókòó méjì kan jáde tí a mọ̀ sí Lotus Seven. Ọkọ̀ náà kò ní òrùlé gidi, kò ní ilẹ̀kùn gidi, kò sì wúwo tó 600 kílò. Ẹni tí kò bá fẹ́ san owó orí lè rà á ní ẹyọ-ẹyọ.

Òfin fi nǹkan kan kún un: ẹni tí ó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń tò ó sínú ọjà. Ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ Lotus máa ń sọ ni pé ìwé nípa bí a ṣe ń tú ọkọ̀ náà palẹ̀ ni Chapman fi sínú àpótí, tí ẹni tí ó rà á sì ń kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí gẹ́lẹ́ tàbí àwọn òpìtàn bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ọgbọ́n ìjàpá ni. Nígbà tí owó orí tuntun tí a mọ̀ sí VAT rọ́pò ti àtijọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1973, àǹfààní yìí dópin. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹ̀tọ́ láti máa ṣe Seven bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Caterham.

Àṣà náà kò kú pẹ̀lú owó orí tí ó bí i. Ní ọdún 1996, Ron Champion, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ṣe ìwé kan tí ó kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè kan irú ọkọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú owó tí kò ju 250 pọ́n-ùn lọ. Egungun rẹ̀ jẹ́ páìpù onígun mẹ́rin tí a ń rí rà ní ìsọ̀ onírin. Ẹ́ńjìnnì, gíà àti àkísù rẹ̀ sì ti ara ògbólógbòó Ford Escort wá. Orúkọ tí wọ́n fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Locost, èyí tí ó pa orúkọ Lotus pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún owó pọ́ọ́kú. Ní ti 250 pọ́n-ùn yẹn, ẹni tí ó bá ní í ra ẹ̀rọ ìjórin tuntun àti gáàsì rẹ̀ lóde òní kò ní í fọkàn sí i pé yóò kárí. Ṣùgbọ́n ìwé náà sọ ohun tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ di ohun tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé lè dáwọ́ lé lágbàlá ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Agbára Onígun Mẹ́ta

Páìpù tí a fi ń ṣe egungun yìí kò tóbi rárá. Ìbú ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25, nínípọn ara rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 1.6 lọ. Bí a bá nà án sílẹ̀ láàárín òkúta méjì tí ó jìnnà síra, tí àgbàlagbà sì dúró sí àárín rẹ̀, yóò tẹ̀. Báwo ni irú irin tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì àti ènìyàn méjì lórí eré?

Ìdáhùn wà lọ́wọ́ káfíńtà tí ń kan òrùlé. Bí a bá fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kan igi mẹ́rin pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a wá fi ọwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń sùn lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi igi kan dábùú rẹ̀ láti igun dé igun, kò ní í mì mọ́, nítorí pé onígun mẹ́rin ti di onígun mẹ́ta méjì. Onígun mẹ́ta kò lè yí ìrísí padà àfi bí ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá gùn sí i, tàbí tí ó bá kúrú, tàbí tí ó bá já. Irin kì í sì í gbà kí a fà á gùn tàbí kí a tì í kúrú bọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ rọrùn láti tẹ̀ ẹ́. Ọgbọ́n tí ó wà nínú egungun Seven ni láti to páìpù kéékèèké débi tí ó fi jẹ́ pé fífà àti títì nìkan ni yóò máa kan ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí títẹ̀ kò fi ní í kàn wọ́n.

Ìdí nìyí tí ó fi léwu kí akànkọ̀ yọ páìpù ìdábùú kan kúrò nítorí pé ó dí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ tàbí pé kò jẹ́ kí páìpù èéfín kọjá. Lójú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀ ni ó yọ. Ní ti gidi, apá ibẹ̀ ti di páálí tí a ṣí ìdérí rẹ̀. Ibi kan wà tí kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i, ìyẹn òkè ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, nítorí pé a gbọ́dọ̀ lè gbé ẹ́ńjìnnì wọlé kí a sì tún lè gbé e jáde. Nítorí náà ni àwọn ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ lágbára gidigidi.

Tábìlì Ìtòpọ̀

Kí iná tó tàn rárá ni ó ti yẹ kí a mọ̀ bóyá egungun yóò tọ́ tàbí kò ní í tọ́. Orí tábìlì ni èyí ti ń hàn. Pákó pílíwúùdù tí ó nípọn tó mìlímítà 18 ni ọ̀pọ̀ ń lò, tí wọ́n kàn mọ́ orí igi ńlá, tí wọ́n sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà wọ̀n ní gígùn, ní ìbú àti ní ìdábùú. Bí tábìlì bá wọ́, egungun yóò wọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Orí pákó yìí ni a ó ya àwòrán ìsàlẹ̀ egungun sí ní bí ó ṣe tóbi gan-an. A ó wá kan igi kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ìlà wọ̀nyí, kí páìpù lè há sáàárín wọn láìní àyè àtisún.

Ọ̀nà tí a ń gbà mọ̀ pé igun tọ́ kò le. Bí a bá wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan àti 4 sí apá kejì, ìdábùú láàárín wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 5 gẹ́lẹ́; àwọn tí ń la ìpìlẹ̀ ilé mọ èyí dáadáa. Fún onígun mẹ́rin tí ó gùn, a ó wọn ìdábùú méjèèjì láti igun dé igun. Bí wọn kò bá dọ́gba, ó ti wọ́, bó ti wù kí ojú rí i pé ó dára tó. Kò yẹ kí a fi ojú lásán ṣe ìwọ̀n níbi iṣẹ́ yìí. Àṣìṣe mìlímítà márùn-ún tí ó wà níwájú tábìlì yóò padà hàn nínú ọkọ̀ tí ó ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí alákàn.

Gígé páìpù náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó sàn kí a gé e kí ó gùn díẹ̀, kí a sì fi fáìlì rẹ́ ẹ wọlé, ju kí a gé e kúrú kí a wá máa fi iná dí àlàfo lọ. Ibi tí a ó jó gbọ́dọ̀ mọ́ láìsí òróró, ìpẹtà tàbí ọ̀dà, títí tí ara irin yóò fi máa dán.

Iná àti Irin

Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ bí a ṣe ń so irin pọ̀ tipẹ́tipẹ́. A fi ẹwìrì fẹ́ iná títí irin méjèèjì yóò fi gbóná gan-an, a fi ẹmú gbé wọn, a sì fi owú lù wọ́n títí wọn yóò fi wọra. Nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, irin rọ̀ ṣùgbọ́n kò yọ́ di omi. Iná mànàmáná ti wẹ́dà yàtọ̀: etí irin méjèèjì àti okùn irin tí a fi kún un yóò yọ́ ní nǹkan bí 1,500°C, wọn yóò dàpọ̀ nínú kòtò kékeré kan, wọn yóò sì dì pa pọ̀. Bí etí kan kò bá yọ́, wọn kò tíì di ọ̀kan, ì báà ṣe pé ojú rí wọn bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ̀rọ tí a ń pè ní MIG ni ó bá ilé mu jù fún páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ náà ń ti okùn irin tí ó nípọn ní mìlímítà 0.6 tàbí 0.8 jáde fúnra rẹ̀, gáàsì áágọ́nì tí a pò mọ́ kábọ́ọ̀nù díóksáìdì sì ń yí iná ká kí afẹ́fẹ́ má baà dé ibi tí irin ti ń yọ́. Elékítíróòdù tí àwọn wẹ́dà ẹ̀bá títì ń lò lágbára fún geeti àti ṣáásì akẹ́rù, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọwọ́ rẹ̀, yóò lu páìpù 1.6 já. MIG ní àléébù tirẹ̀ náà. Bí a bá ń lò ó níta tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, afẹ́fẹ́ yóò gbé gáàsì lọ, inú ibi tí a jó yóò sì kún fún ihò kéékèèké bí àkàrà.

Ewu tí ó pọ̀ jù ni pé ẹ̀rọ yìí rọrùn láti lò. Láàárín ọjọ́ kan, ẹni tí kò jó irin rí lè fà á jáde ní ìlà tí ó dára lójú. Ó sì lè jẹ́ pé orí irin nìkan ni irin yíyọ́ náà dì sí, bí ìda àbẹ́là tí ó kán sórí àwo: bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò ṣí. Ojú kò lè mọ èyí tán, nítorí náà ìdánwò ni ó yẹ. Kí a mú àjákù páìpù méjì tí ó jẹ́ irú èyí tí a fẹ́ lò, kí a jó wọn pọ̀, kí a dì wọ́n mú nínú fáìsì, kí a sì fi òòlù lù wọ́n láìṣojú àánú. Bí páìpù bá tẹ̀ tàbí tí ó ya kí ibi tí a jó tó ṣí, ó dára. Bí ibi tí a jó bá ṣí kọ́kọ́, kí akànkọ̀ padà sórí àjákù, ì báà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó tún fi ayùn la òmíràn láàárín kí ó wò bóyá iná wọ inú.

Ohun kejì tí ó ń dààmú àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ ni pé irin kì í dúró síbi kan. Bí irin tí ó gùn ní mítà kan bá gbóná ní 100°C sí i, yóò fi nǹkan bí mìlímítà 1.2 gùn sí i. Irin tí ó yọ́ náà ń súnkì bí ó ti ń tutù, ó sì ń fa páìpù tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tí ó bá jó ọwọ́ ọ̀tún tán pátá kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ òsì yóò bá a pé egungun rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, gbogbo wákàtí tí ó sì fi wọn tábìlì ti ṣòfò.

Bí a ṣe ń dènà èyí ni kí a kọ́kọ́ kán iná kékeré kékeré sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn wẹ́dà ń pè ní tákì. Gbogbo egungun pátá ni a ó fi tákì gbé dúró, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí a tó jó oríkèé kan ṣoṣo tán. Lẹ́yìn èyí ni a ó tún gbogbo ìdábùú wọ̀n. Bí àṣìṣe bá wà, fáìlì yóò tú tákì ní ìṣẹ́jú kan. Oríkèé tí a ti jó tán kò ní í tú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n bá pé, a ó wá máa jó ìlà kúkúrú kan níhìn-ín, a ó fò lọ sí òdìkejì, a ó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tutù kí a tó padà sí i. Iṣẹ́ sùúrù ni. Àwọn kan tún máa ń fi ẹ̀rọ rẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó kí ó lè dán bí ara páìpù. Ẹwà tí ó ń bu agbára kù ni èyí lára irin tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé irin tí ó di oríkèé mú gan-an ni wọ́n ń rẹ́ dànù.

Ewu Inú Yàrá Iṣẹ́

Ìtànṣán iná wẹ́dà ń jó ojú bí oòrùn ti ń jó awọ ara. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ ni ìrora rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sínú ojú. Awò oòrùn tí a máa ń rí lójú àwọn kan ní ẹ̀bá títì kò tó. Ìbòjú wẹ́dà gidi ni ó yẹ, ó sì yẹ kí a lé àwọn ọmọdé tí ń wòran sẹ́yìn. Irin tí a fi síńkì bò ń tú èéfín tí ó lè fa òtútù àti ibà. A gbọ́dọ̀ bó síńkì náà kúrò kí a tó jó o. Èyí tí ó burú jù ni àwọn oògùn ìfọ-bíréékì tí ó ní kuloríìnì nínú. Bí wọn kò bá tíì gbẹ kúrò lára irin tí iná wẹ́dà fi kàn wọ́n, wọ́n lè di gáàsì fósíjíìnì, èyí tí a fi pa ọmọ ogun ní Ogun Àgbáyé Kìíní. Yàrá tí a tì pa nítorí òtútù, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún lè jẹ́ kí gáàsì ẹ̀rọ náà gba àyè afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí.

Dídè Ẹ̀yà Mọ́ Egungun

Lẹ́yìn tí egungun bá ti dúró, àwọn etí irin tí a ó de apá táyà mọ́ ni ó kù, àwọn ni ó sì gba ìṣọ́ra jù. Etí méjì tí bóòtù gba àárín wọn kọjá ni ó yẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; etí kan ṣoṣo yóò jẹ́ kí bóòtù máa tẹ̀. Kí a tó jó wọn, a ó ki ọ̀pá irin gígùn kan tí ó tọ́ la ihò gbogbo wọn kọjá, kí a lè mọ̀ pé wọ́n wà ní ìlà kan. A ó wá wọn láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, ní ọ̀tún àti ní òsì. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ti bẹ́líìtì ìjókòó yàtọ̀. Kò tó kí a lu ihò sára páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kí a sì ki bóòtù bọ̀ ọ́, nítorí pé ọjọ́ ìjàǹbá ni yóò ya. Irin tí ó nípọn, tí a ti fín ihò bóòtù 7/16 íǹṣì sí nínú, ni a ń kì la páìpù kọjá tí a sì ń jó yíká ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nínú gbogbo oríkèé ọkọ̀, bóyá èyí nìkan ni kò ní í ṣiṣẹ́ àfi ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

A ó gbé ẹ́ńjìnnì, gíà, sítiárín àti ìjókòó sínú egungun nígbà tí kò tíì ní ọ̀dà lára, nítorí pé nǹkan kan yóò kan nǹkan mìíràn láìsí àní-àní: ọ̀pá sítiárín yóò kan páìpù èéfín, tàbí kí ẹsẹ̀ awakọ̀ má rí àyè tẹ bíréékì. Bí ó bá di dandan kí a tún jó nǹkan nígbà tí ẹ̀yà ti wà lára rẹ̀, kí a yọ bátìrì, kí a sì so wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ ibi tí ó súnmọ́ ibi tí a fẹ́ jó, kí iná má baà gba inú bẹ́árìn kọjá. Ìgbà tí ohun gbogbo bá bá ara wọn mu ni a ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí a ó kun egungun.

Ojú Aláyẹ̀wò

Títí di ọdún 1998, ọkọ̀ tí a kàn nílé lè dé ojú títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí àyẹ̀wò tí ó jinlẹ̀. Ọdún yẹn ni ìjọba gbé ìdánwò SVA kalẹ̀, IVA sì rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2009. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò yẹ bíréékì, sítiárín, iná, èéfín àti ibi tí a so bẹ́líìtì mọ́ wò. Yóò fi ọwọ́ àti ẹ̀rọ kékeré wá etí irin tí ó mú ní ìta ọkọ̀, nítorí pé etí tí ó lè kan ènìyàn gbọ́dọ̀ rí róbótó tó mìlímítà 2.5. Ọ̀pọ̀ ni kì í yege lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á gba ìwé àléébù wọn, wọ́n á gbé ọkọ̀ padà sílé lórí tírélà, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì tún padà wá. Ṣùgbọ́n aláyẹ̀wò kò ní í la oríkèé kankan láàárín láti mọ̀ bóyá iná wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú lọ́jọ́ tí a jó o nìkan ni ó mọ èyí. Bí ọkọ̀ bá yege, tí a kò sì lè sọ ọjọ́ orí ẹ̀yà rẹ̀ pàtó, nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q ni a ó fún un.